Awò Kékeré Lórí Ìbọn Ìléwọ́ Ńlá: Ọdún Mẹ́rin Pẹ̀lú Leupold 2×20

Láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni awò kékeré kan, Leupold FX-II Handgun 2×20 (ó ń fa nǹkan súnmọ́ ní ìlọ́po méjì, dígí iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ ní mìlímítà 20), ti wà lórí ìbọn ìléwọ́ tí mo fi ń ṣọdẹ, ìyẹn Ruger Super Redhawk, rifọ́fà (ìbọn tí ilé ọta rẹ̀ ń yí) tó ń yin ọta .44 Magnum. Ìwé tí mo fi ń ṣàkọsílẹ̀ fi hàn pé ọta tí mo ti yìn pẹ̀lú awò yìí lé ní 1,400, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ ọta ọdẹ tí ẹ̀tù inú rẹ̀ kún dáadáa, kì í ṣe ọta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń kọ́ ọwọ́. Nínú gbogbo àkókò yìí, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo tún ojú rẹ̀ ṣe, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì jẹ́ nítorí pé mo pààrọ̀ irú ọta tí mo ń lò. Mo ń kọ àyẹ̀wò yìí nítorí pé awò mìíràn kan ti já mi kulẹ̀ kí n tó dé orí èyí, àti nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra awò fún ìbọn ìléwọ́ ló ń wo bí ó ṣe mọ́lẹ̀ tó àti bí ó ṣe ń fa nǹkan súnmọ́ tó, tí wọn kì í sì í béèrè ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè: ṣé ibi tí mo fi ojú awò yìí sí lónìí náà ni yóò ṣì máa wò lẹ́yìn ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọta?

Ìbéèrè yìí le lórí ìbọn ìléwọ́ ju bó ṣe le lórí ìbọn gígùn lọ. Ìbọn gígùn tó ń yin .30-06 lè wọn nǹkan bíi kílógíráàmù mẹ́rin tòun ti awò rẹ̀. Bí ọta gíráàmù 11.7 bá jáde lẹ́nu rẹ̀, ìbọn náà á ta padà pẹ̀lú eré bíi mítà 3.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èjìká á sì gbà á. Ìbọn ìléwọ́ tèmi kò ju nǹkan bíi kílógíráàmù kan ààbọ̀ lọ. Ọta gíráàmù 15.6 ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú eré bíi mítà 410 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìbọn náà sì ń ta padà pẹ̀lú eré tó lé ní mítà márùn-ún. Ọta ò tíì jìnnà sí ẹnu ìbọn tí gbogbo èyí fi ṣẹlẹ̀ tán. Kò sí èjìká tí yóò gbà á, ọwọ́ nìkan ni, ẹnu ìbọn á sì fò sókè bí ìdí rẹ̀ ṣe ń sún sẹ́yìn. Ìyà méjì ni awò orí rẹ̀ ń jẹ lẹ́ẹ̀kan náà: ìbọn ń já a gbà sẹ́yìn, ó sì ń jù ú sókè.

Bí awò bá ṣe wúwo tó ni ìyà náà ṣe ń pọ̀ tó. Awò tó wúwo ní ìlọ́po méjì ń fa òrùka tó dì í mú pẹ̀lú agbára ìlọ́po méjì, nítorí pé ìbọn á ti kúrò lábẹ́ rẹ̀ kí òun tó gbéra. Awò 2×20 yìí kò ju nǹkan bíi gíráàmù 170 lọ, mo sì gbà pé ìdajì ìdí tó fi ṣì ń ṣiṣẹ́ ni ìyẹn. Ìdajì kejì wà nínú rẹ̀.

Nínú ọ̀pá awò, ọ̀pá kékeré mìíràn wà tó gbé díẹ̀ lára àwọn dígí dání. Bí a bá yí orí tó wà lókè tàbí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti tún ojú awò ṣe, síkúrúù kan á ti ọ̀pá kékeré yìí láti ìhà kan, sípíríǹgì á sì máa tì í padà láti ìhà kejì. Ọwọ́ sípíríǹgì yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé wà. Bí ó bá ti rẹ̀, tàbí tí kò lágbára tó láti ilẹ̀, ọ̀pá kékeré náà á yẹ̀ nígbà tí ìbọn bá ta, kò sì ní padà sí àyè rẹ̀ gẹ́lẹ́. Awò tí agbára rẹ̀ ń yí, bíi láti 2 dé 7, tún ní àwọn dígí tó ń rìn síwá sẹ́yìn nínú ojú ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ sára ọ̀pá náà, ohun tó bá sì ń rìn lè gbó, ó sì lè yẹ̀. Awò alágbára kan ṣoṣo kò ní ìrìn yẹn nínú rárá.

Ọ̀rọ̀ àyè ojú, ìyẹn bí ojú ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí awò tó, kò gba àsọpọ̀. Awò ìbọn gígùn ń fẹ́ kí ojú súnmọ́ ọn ní nǹkan bí íǹṣì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ apá nínà ni a fi ń yin ìbọn ìléwọ́. Ẹni tó bá de irú awò bẹ́ẹ̀ mọ́ ìbọn ìléwọ́, tó sì ká apá kò kí ó lè ríran, egungun ojú rẹ̀ ni yóò fi gba irin. Awò tí wọ́n dìídì ṣe fún ìbọn ìléwọ́ ń jẹ́ kí ojú rẹ̀ kún láti nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sí 60, òun nìkan sì ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí.

Awò tí mo kọ́kọ́ dè mọ́ ìbọn yìí jẹ́ alágbára yíyí, 2–7×32, láti iléeṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Ó mọ́lẹ̀, ó rẹwà, àmì àgbélébùú inú rẹ̀ sì tín-ín-rín débi pé mo lè fi í sun ihò tí ọta ti lu ní mítà 50. Títí di nǹkan bí ọta 180, kò sí ẹ̀sùn tí mo lè fi kàn án. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lórí tábìlì ìyìnbọn, ọta márùn-ún tó máa ń wọ àyè tí kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ pín ara wọn sí agbo méjì. Mẹ́ta lọ síbi tí mo sun, méjì lọ sí ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, agbo kan sì jìnnà sí èkejì ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án. Mo kọ́kọ́ rò pé ọwọ́ mi ló gbọ̀n. Mo gbé ìbọn sílẹ̀, mo sinmi fún ogún ìṣẹ́jú, mo tún yin márùn-ún mìíràn. Agbo méjì náà ni mo tún rí.

Lọ́jọ́ tí mo de awò náà, mo ti fi kun funfun fa ilà kan láti ara òrùka bọ́ sára ọ̀pá awò, kí n lè mọ̀ bí nǹkan kan bá sún. Nígbà tí mo tẹjú mọ́ ọn lọ́jọ́ yẹn, ilà náà ti já sí méjì: èyí tó wà lára ọ̀pá ti kọjá síwájú èyí tó wà lára òrùka, kò sì ju nínípọn èékánná lọ. Síwájú ni awò máa ń sún, kì í ṣe sẹ́yìn, nítorí ìbọn ló ń sá kúrò lábẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn, mo rò pé ọwọ́ mi ti ba olè náà. Mo tú gbogbo rẹ̀, mo nu epo kúrò lára irin, mo tún un dè, mo fa ilà tuntun, mo sì padà sórí tábìlì. Ọta mẹ́wàá lọ geerege síbi tí mo sun. Ọta kọkànlá tún bọ́ sí agbo kejì, ilà kun náà sì wà níbi tí mo fà á sí, kò yẹ̀ rárá.

Ìgbà yẹn ni mo wá ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe láàárọ̀. Mo yọ awò náà, mo gbé 2×20 yìí, tó ti wà lórí ìbọn mi mìíràn fún ìgbà pípẹ́ láìyẹsẹ̀, mo fi í sínú òrùka kan náà, mo tún ojú rẹ̀ ṣe, mo sì yin ogún ọta láti inú páálí kan náà. Gbogbo ogún wọ agbo kan ṣoṣo. Ara ìbọn le, ọta kò ní àbùkù, ìdè sì mú ṣinṣin. Awò nìkan ló kù. Mo gbé e sẹ́bàá etí, mo rọra mì ín, mo sì gbọ́ ohùn kékeré kan nínú rẹ̀, bí ìgbà tí òkúta wẹ́wẹ́ kan bá ń yí nínú páálí ìṣáná. Iléeṣẹ́ tó ṣe é gbà á padà láìjanpata, wọ́n sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún ìyẹn. Orí ìbọn .22 ni tuntun náà wà báyìí, níbi tí ìtapá kò ti tó nǹkan, ó sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. N kò ní gbé e padà sórí .44, nítorí ìwé ìdánilójú tí iléeṣẹ́ fún mi lè dá awò padà, ṣùgbọ́n kò lè dá ẹran tó gba ọta ní itan lọ padà.

Ohun tó ń dà mí láàmú nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àbùkù méjì ló wà níbẹ̀, ojú kan náà ni àwọn méjèèjì sì fi hàn lórí páálí àfojúsùn. Ẹni tó bá dúró síbi òrùka tó sún á máa dè é títí ni, yóò sì máa bá ìbọn jà. Ẹni tó bá sì sáré dẹ́bi fún awò lè dá awò tó dára padà sí ilé ìtajà nígbà tó jẹ́ pé síkúrúù kan ló dẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí àwọn tó ń sọ pé awò àwọn bàjẹ́ máà mọ̀ pé ìdè ló jẹ̀bi, nítorí ohun tó ń fa ìyapa kéré púpọ̀. Bí òrùka méjì bá jìnnà síra ní sẹ̀ǹtímítà 10, tí ọ̀kan nínú wọn sì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìdá kan péré nínú mẹ́wàá mìlímítà kan, tí kò nípọn ju irun orí lọ, ọta á yà kúrò níbi tí a sun ní sẹ̀ǹtímítà 10 ní mítà 100. Ojú lásán kò lè rí irú ìyẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ka irú ìdè tó wà lára ìbọn sí apá kan àyẹ̀wò awò. Láti ọdún 1987 tí Ruger ti gbé Super Redhawk jáde ni wọ́n ti ń gbẹ́ ibi tí òrùka yóò jókòó sí sára irin ìbọn náà gan-an, tó fi jẹ́ pé kò sí irin mìíràn láàárín òrùka àti ìbọn tí síkúrúù tín-ín-rín nìkan dì mú. Lára ìbọn tí kò ní irú èyí, pákó irin pẹlẹbẹ kan ni a máa ń fi síkúrúù dè mọ́ ọ̀pá ìbọn, lórí rẹ̀ ni òrùka á sì jókòó sí. Bí pákó irin náà bá ní ojú kòtò tó dábùú rẹ̀, bóòtù òrùka á wọ inú kòtò yẹn, ògiri kòtò á sì gba ìtapá náà. Bí kò bá ní i, síkúrúù kéékèèké wọ̀nyẹn ni gbogbo agbára máa já lé, mo sì ti rí èyí tí orí rẹ̀ gé sọnù bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Kí ẹni tó ń yin ọta tó le ju .44 lọ, bíi .454 Casull tàbí .500 S&W Magnum, fi òrùka mẹ́ta dè é dípò méjì, kí ó sì ti gbogbo òrùka síwájú títí bóòtù wọn yóò fi kan ògiri iwájú kòtò kí ó tó rọ́ ọ, nítorí síwájú náà ni awò á máa fẹ́ lọ.

Mo máa ń fi ásítóònù nu ihò àti síkúrúù gbẹ kí n tó kan gọ́ọ̀mù aláwọ̀ búlúù tí kì í jẹ́ kí síkúrúù dẹ̀ sí i lẹ́kàn-ń-kán. Kì í ṣe pupa, nítorí iná ni a óò fi tú u lọ́jọ́ mìíràn. Inú òrùka fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ, láìsí epo. Mo ń fi sípánà tó ń wọn agbára rọ síkúrúù òrùka dé nǹkan bíi newton-mítà méjì, n kì í sì í kọjá ibẹ̀, àní bí ọkàn mi bá ń sọ pé kí n fi díẹ̀ kún un. Òrùka tó bá fún jù á tẹ ọ̀pá awò wọlé, ọ̀pá kékeré inú kò sì ní lè rìn dáadáa mọ́. Mo gbà pé àwọn kan ló ń fi ọwọ́ ara wọn pa awò lọ́nà yìí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an.

Nípa rírí nǹkan, 2×20 ní ààlà, mi ò sì ní fi pa mọ́. Agbára méjì kò fa nǹkan súnmọ́ púpọ̀. Ní mítà 100, mo lè rí ẹran, mo sì lè rí èjìká rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè rí ẹ̀ka igi tín-ín-rín tó dábùú iwájú rẹ̀, ẹ̀ka yẹn sì tó láti yí ọta padà. Mo ti fi mítà 80 ṣe òpin fún ara mi, ẹni tó bá sì fẹ́ yìnbọn jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ láti orí ìbọn oníhò kan bíi Thompson/Center Contender nílò agbára tó jù báyìí lọ, kí ó sì múra tán láti yẹ̀ ẹ́ wò léraléra.

Síbẹ̀, lójú alẹ́ ni awò kékeré yìí máa ń yà mí lẹ́nu. Bí a bá fi agbára awò pín fífẹ̀ dígí iwájú rẹ̀, a óò mọ bí òpó ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde sí ojú wa ṣe fẹ̀ tó: mìlímítà 10 ni ti 2×20, ṣùgbọ́n 2–7×32 tí a gbé agbára rẹ̀ dé 7 kò ju mìlímítà 4.6 lọ. Ẹyinjú àgbàlagbà kì í sábà là ju nǹkan bíi mìlímítà 7 lọ nínú òkùnkùn, nítorí náà awò kékeré yìí ń fún ojú ní gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó lè gbà, ó sì tún ṣẹ́kù. Ohun tó ṣẹ́kù yẹn kò ṣòfò, òun ló ń jẹ́ kí n rí inú awò kún kódà bí orí mi kò bá wà ní àárín gan-an. Ní ìrọ̀lẹ́ kan lọ́dún tó kọjá, àgbọ̀nrín kan jáde sí etí pápá ní nǹkan bíi mítà 55, nígbà tí àwọ̀ ti ń kúrò lára ewé. Mo gbé ìbọn lé orúnkún, àmì àgbélébùú náà dúdú ketekete lẹ́yìn èjìká rẹ̀, n kò sì wá a kiri kí n tó rí i. Ọta kan ni. Mo mọ̀ pé pẹ̀lú awò àkọ́kọ́ yẹn tí mo fi sí agbára 7, mo máa ṣì máa mi orí kiri, tí n ó máa wá ojú awò, títí àgbọ̀nrín á fi wọ igbó padà.

Àwọn kan á béèrè nípa awò alámì pupa, irú èyí tí iléeṣẹ́ Aimpoint ti Sweden kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 1975. Ó dára, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Àwọn kéékèèké tòde òní fúyẹ́ gidigidi, kò sì sí ọ̀rọ̀ àyè ojú nínú wọn rárá, ojú lè wà níbikíbi. Ohun méjì ló dá mi dúró: bátìrì, àti ìwọ̀n àmì náà. Àmì tó fẹ̀ tó MOA mẹ́rin (MOA kan jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́ta dígírì kan) máa ń bo nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12 ní mítà 100, lójú tí kò rí kedere bíi tèmi sì rèé, ó máa ń tú ká bí ìràwọ̀. Lójú ẹni tó ń dọdẹ ẹlẹ́dẹ̀ igbó ní mítà 30, kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì.

Ohun kan wà tí n kò fẹ́ràn lára 2×20 yìí lórí rifọ́fà. Nínú irú ìbọn yìí, àlàfo bíńtín wà láàárín ilé ọta tó ń yí àti ìdí ọ̀pá ìbọn, iná àti èéfín sì máa ń fọ́n jáde níbẹ̀ nígbà tí a bá yìn ín. Awò tí a dè sórí àlàfo náà ló ń gba púpọ̀ nínú rẹ̀, abẹ́ ọ̀pá awò mi sì ti dúdú, ó ti rí ṣákiṣàki, ọṣẹ tí a fi ń fọ ìbọn kò sì yọ ọ́ tán mọ́. Dígí kò fara pa, ìríran kò sì yí padà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ràn kí nǹkan rẹ̀ máa dán kí ó mọ̀ ṣáájú.

Kí àkókò ọdẹ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, mo ṣe àyẹ̀wò onígun mẹ́rin tí mo ń ṣe lọ́dọọdún, láti mọ̀ bóyá ojú awò ń rìn bí mo ṣe yí i, tó sì ń padà sí àyè rẹ̀. Mo yin ọta mẹ́ta ní mítà 25, mo yí orí òkè lọ sókè ní MOA mẹ́wàá, mo yin mẹ́ta. Mo yí ti ẹ̀gbẹ́ lọ sọ́tùn-ún ní ìwọ̀n kan náà, mo yin mẹ́ta. Mo yí ti òkè padà sílẹ̀, mo yin mẹ́ta. Mo wá yí ti ẹ̀gbẹ́ padà sósì, mo sì yin mẹ́ta ìkẹyìn. Ní mítà 25, ó yẹ kí igun kọ̀ọ̀kan jìnnà sí èkejì ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 7.3. Mo gbé rúlà lé páálí náà, mo rí 7.1 ní ìhà kan, 7.5 ní ìhà kejì, èyí tí ọwọ́ èmi fúnra mi lè fà. Ihò mẹ́ta ìkẹyìn wọlé sáàárín ihò mẹ́ta àkọ́kọ́, tó fi jẹ́ pé n kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Mo fi ọ̀bẹ gé igun yẹn kúrò lára páálí náà, mo kọ ọjọ́ àti iye ọta sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì tì í sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi pẹ̀lú mẹ́ta ti àwọn ọdún tó ṣáájú.